Omi Tí Badmus Gbẹ́ fún Ìyá Rẹ̀

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Tàwàkálítù, ṣùgbọ́n Ìwàrọ̀-Ọ̀kà ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e níyàwó wá, ahọ́n rẹ̀ kò tètè yí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ọ̀kà. Bó bá lanu báyìí, àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ará Ìkàrẹ́ tún ti sọ tiẹ̀." Wọn kò fi ṣe ìkà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, dídákẹ́ ni yóò kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni Tàwàkálítù kì í dákẹ́ fún, ìyẹn ni Limota. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti gbé Limota náà wá, ilé ọkọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiẹ̀ rárá.

Orísun kan wà lẹ́yìn ìlú nígbà náà, tó ń sun jáde lábẹ́ àpáta. Ibẹ̀ làwọn méjèèjì ti ń fọṣọ. Bí wọ́n bá ti gbé abọ́ aṣọ kalẹ̀ báyìí, èdè Ìkàrẹ́ ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, wọn kò ní sinmi títí aṣọ á fi gbẹ lórí àpáta. Gbogbo ìgbà tí Tàwàkálítù bímọ tí ọmọ kú, Limota ló ń wá bá a jókòó. Badmus nìkan ló dúró nínú àwọn ọmọ náà. Limota ní tiẹ̀ bí Safurat, kò sì bí òmíràn mọ́.

Ẹ̀wà ni Tàwàkálítù ń sè tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń gbé ìkòkò jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ọkọ̀ Àkùngbá ti ń gbérò. Ẹ̀wà rẹ̀ a máa rọ̀ débi pé àwọn àgbàlagbà tí kò léyín mọ́ a máa ránṣẹ́ wá rà á. Àwọn awakọ̀ a máa dúró jẹ ẹ́ lórí ìdúró, wọ́n á ní kó bù sí i, òun náà á sì bù sí i. Nígbà tí Suleiman ọkọ rẹ̀ kú, ìkòkò ẹ̀wà yìí ló fi tọ́ Badmus. Badmus kọ́ iṣẹ́ jíjó irin ní Ìkàrẹ́, nígbà tó sì di géńdé, ó bá àwọn ọ̀gá kan lọ sí Pọtá, ìlú elépo rọ̀bì tó jìnnà réré.

Ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ọkọ̀ ńlá kan tó ru irin gígùn lẹ́yìn yà wọ àgbàlá Tàwàkálítù. Badmus ló bọ́ sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀.

"Kí lẹ gbé wá yìí?" ni ìyá rẹ̀ ń bi í.

"Bọ́ọ̀hóòlù ni, Màámi. Ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àpáta yẹn mọ́. Orúnkún yín ti tó gẹ́ẹ́."

Irin náà lu ilẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, eruku funfun bo gbogbo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn ará àdúgbò dúró yí ká. Nígbà tí omi tú jáde, tó ga ju òrùlé lọ, àwọn obìnrin pariwo "Allahu Akbar!" Limota di Tàwàkálítù mú, àwọn méjèèjì sì rẹ nínú omi náà pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Álífáà gbàdúrà fún Badmus, ó ní omi ni sàráà tó ga jù lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí ní Ìwàrọ̀: ìyá tí ọmọ gbẹ́ omi fún.

Badmus padà lọ sí Pọtá. Ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e kò bá a nílé, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà kò bá a nílé. A máa pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Bó bá pè, ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ kò ju ti omi lọ: "Omi rẹ ń ṣe dáadáa o. Gbogbo àdúgbò ló ń mu ún. Wọ́n ń gbàdúrà fún ọ." Badmus á ní àmín, á ní iṣẹ́ pọ̀, fóònù á sì kú.

Òótọ́ ni pé gbogbo àdúgbò ló kọ́kọ́ ń wá pọn omi náà. Wọ́n á tò láàárọ̀ pẹ̀lú korobá àti kẹ́ẹ̀gì, àgbàlá á kún fún ariwo, Tàwàkálítù á sì jókòó sórí àpótí, á máa dáhùn ìkíni bí olorì. Àmọ́ kò pẹ́ tí èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn kan ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Àwọn kan kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, wọn kò kàn wá mọ́. Nígbà tó yá, ó kù díẹ̀ nínú wọn tó ń wá pọn omi mímu.

Limota ló sọ ohun tí àwọn yòókù ń bò. Ọjọ́ Alámísì ni, ó wá fọ àwọn ìbòrí funfun táwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù máa lò. Ó fọ̀ ọ́ títí, ó tún un fọ̀, ó wá dìde dúró.

"Tàwà, omi rẹ yìí le o. Ọṣẹ ti tán lọ́wọ́ mi, kò hó. Wo ìbòrí yìí, àfi bí ẹni pé eérú ni mo fi fọ̀ ọ́."

"Omi wo ló le?" Tàwàkálítù ti dìde lórí àpótí.

"Èyí tí mò ń fọṣọ sí yìí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń sọ ọ́. Mo ní kí n sọ fún ọ ni, nítorí tèmi tìrẹ."

Ohun tó jáde lẹ́nu Tàwàkálítù lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ ìgbà tó ti ń kó jọ sínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò gbẹ́ ihò èkúté fún, ṣé òun ló yẹ kó máa tọ́ omi mi wò?"

Limota tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fún ìbòrí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú abọ́, ó gbé e rù, ó sì jáde. Omi ń kán sílẹ̀ lára abọ́ náà títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Tàwàkálítù rò pé yóò padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò padà wá. Òun náà kò lọ bá a, nítorí lójú tiẹ̀, ẹni tó bá bú omi yẹn, Badmus ló bú. Bẹ́ẹ̀ ni ojú Badmus ti ṣọ̀wọ́n. Yàtọ̀ sí ohùn orí fóònù, kí ló tún ní nínú rẹ̀ bí kò ṣe omi náà?

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ yí padà, kó tó di pé ó mọ̀. Bó ti wù kó ki igi bọ iná tó, ẹ̀wà náà á kàn máa yí nínú ìkòkò bí òkúta. Igi ìdáná rẹ̀ di ìlọ́po, síbẹ̀ ẹ̀wà á le lábẹ́ eyín. Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Oyèbọ̀dé, tó ti ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ ọkọ̀, rọra gbé abọ́ padà fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Màmá, ẹ máa sinmi o. Ẹ ti ṣiṣẹ́." Àánú ni ó fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó gbà pé ọwọ́ òun ni kò mọ ẹ̀wà á sè mọ́, pé ọjọ́ ogbó ti dé bá òun lójijì. Kò pẹ́ tó fi ṣíwọ́, ó dojú ìkòkò ńlá náà bolẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé.

Nǹkan mìíràn ń bẹ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irun orí rẹ̀ ń gan. Aṣọ rẹ̀ ń le bí awọ, funfun rẹ̀ ń pọ́n. Kẹ́tùlù tó fi ń gbé omi tíì kaná ti ní èèpá funfun nínú, tó nípọn bí èèpo ẹyin, bó sì bá da tíì sínú ife, nǹkan kan a máa léfòó lójú rẹ̀. Ì bá lọ pọn omi orísun, àmọ́ báwo ni ìyá tí ọmọ gbẹ́ omi fún yóò ṣe gbé korobá lọ sí abẹ́ àpáta lójú gbogbo ayé? Igbó sì ti ń bo ọ̀nà ibẹ̀, nítorí àwọn yòókù ti rí omi ẹ̀rọ ìjọba lápá ibòmíràn. Ìdí ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ń pàdé báyìí. Láti inú àgbàlá rẹ̀, ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nígbà mìíràn, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ilé Suleiman ní yàrá mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn níbẹ̀. Ó máa ń fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ láti ìrun Àsùbáà títí di alẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́.

Ìgbà náà ni Rachel dé. Ọmọ Àjọwá ni, ó ń kàwé ní yunifásítì Àkùngbá. Ilé gbígbé ti wọ́n níbẹ̀, ó sì wá gba yàrá kan lọ́dọ̀ Tàwàkálítù, nítorí ibi tó fara balẹ̀ ló ń wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ní ọjọ́ Àìkú, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì dé bá Tàwàkálítù lórí àpótí, á kúnlẹ̀ kí i, á jókòó tì í. Ìyá náà pa rédíò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn Ìkàrẹ́ fún un, títí kan èyí tí kò ní orí tàbí ìdí.

Rachel ní aṣọ funfun kan tí wọ́n ń wọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń po oògùn pọ̀ nílé ìwé. Kò pẹ́ tí aṣọ náà fi di aláwọ̀ eérú. Ìyá rí i bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Nígbà tí Rachel wá gbójú sókè, tó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa omi yìí," ìbínú ti dé ọ̀nà ọ̀fun Tàwàkálítù. Ó wo ọmọ náà. Ó wo àgbàlá tó dá páro lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ìbínú náà mì.

"Sọ ọ́, ọmọ mi," ló ní.

Òjò ti rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, omi sì wà nínú bàsíà tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Rachel wá ìgò méjì, ó bu omi òjò sínú ọ̀kan, ó bu omi bọ́ọ̀hóòlù sínú èkejì. Ó ha ọṣẹ sínú méjèèjì, ó dé wọn, ó ní kí ìyá di ọ̀kan mú kí ó mì í, òun náà sì mi èkejì. Wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sórí pèpéle. Èyí tó ní omi òjò ti hó kún dé ọrùn. Èkejì kò hó. Ó kàn rú díẹ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ sì ń léfòó nínú rẹ̀ bíi wàrà tó ti bàjẹ́.

Ìyá gbé ìgò náà, ó tún un mì.

"Ṣé ọmọ mi ni wọ́n rẹ́ jẹ?"

"Rárá, Màmá. Wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Omi tó wà nísàlẹ̀ níbí ló rí bẹ́ẹ̀. Kò dà bí omi orísun tó ń tètè sun jáde; ó ti pẹ́ láàárín àpáta, bó sì ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń yọ́ nǹkan kan tó jọ ẹfun mọ́ra. Ojú ò lè rí i. Bí a bá gbé e kaná, á jókòó sídìí kẹ́tùlù. Bí a bá fi ọṣẹ sí i, ẹfun yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ ọṣẹ, kó tó kan ìdọ̀tí. Omi òjò kò tíì dé ọ̀dọ̀ àpáta kankan, ìdí nìyẹn tó fi hó. Àwọn tó ń kọ́ wa máa ń pè é ní omi líle."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ẹ̀wà?"

"Bí a bá fi omi líle se ẹ̀wà."

"Kì í tètè rọ̀, Màmá. Ó máa ń mú awọ ẹ̀wà le."

Tàwàkálítù fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá wo ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó tún un wò, àfi bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó ti sọ nù padà fún.

"Ṣé omi yìí ń ṣe èèyàn ní ibi?" ló bi í níkẹyìn.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ máa mu ún, ẹ máa fi ṣe àlùwàlá yín. Ẹ kàn máa gbe omi òjò fún aṣọ àti oúnjẹ. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ju káún díẹ̀ sí ẹ̀wà, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Kẹ́tùlù yẹn, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú omi, ẹ jẹ́ kó hó, èèpá yẹn á ṣí."

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Èèpá náà ṣí ní gbẹrẹfu-gbẹrẹfu. Ẹ̀wà tí ìyá fi omi òjò sè rọ̀ kí igi tó jó dé ìdajì, Rachel sì jẹ ẹ́ títí ó fi ń mí gúlegúle. Àmọ́ ìyá kò jẹun tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí Limota ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ fún òun nítorí ọ̀rẹ́, òun sì fi àìlọ́mọkùnrin rẹ̀ gún un lójú.

Ó lọ sílé Limota ní ọjọ́ kejì. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń gbé nítòsí ní, "Ẹ ò gbọ́ ni? Safurat ti wá gbé e lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ti pẹ́." Ilé méjì yìí kò jìnnà síra, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ojú tì í láti béèrè bó ṣe pẹ́ tó.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti débẹ̀ kẹ́yìn, àwọn ilé tó mọ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù. Ó bá Limota lórí ẹní níwájú ilé Safurat, ó ti rù, ó fi ìbòrí bo orí. Limota rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ó na ọwọ́ sí i. Tàwàkálítù kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́.

"Limota, omi yẹn le lóòótọ́. Ìwọ lo jàre. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ."

Limota ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pariwo díẹ̀, Màmá," ni Safurat wí láti ẹnu ọ̀nà. "Etí wọn kò gbọ́ mọ́."

Tàwàkálítù gbé ohùn sókè. "Mo ní ọ̀rọ̀ omi yẹn! Omi! Dárí jì mí!" Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì dúró wò wọ́n.

"Omi?" ni Limota wí. "Mo ti mu omi. O ṣeun."

Tàwàkálítù tún un sọ. Ìdáhùn kan náà ni. Lẹ́yìn náà kò sọ ọ́ mọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, Limota sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, láìmọ ohun tó wá sọ. Ṣé ó ti dárí jì í láti ìgbà pípẹ́ ni, àbí ó ti gbàgbé ni? Kò sí bó ṣe lè mọ̀.

Bó ṣe délé ló pe Badmus. Ó ti jẹ́ àṣà rẹ̀ láti dúró kí Badmus pè; lọ́jọ́ náà, kò dúró.

"Màámi, ṣé kò sí o?"

"Omi tí o gbẹ́ fún mi, ó le. Kò gba ọṣẹ. Ẹ̀wà kì í jinná nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"N kò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́. Mo rò pé bí mo bá bú omi náà, o ò ní pè mí mọ́."

"Màámi." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, omi lẹ máa ń yìn. Gbogbo àdúgbò wà lọ́dọ̀ yín, wọ́n ń gbàdúrà, ẹ ní ó dára. Mo rò pé ó tó yín."

"Kò tó," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Kò tó, ọmọ mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbí."

Badmus wá ní àsìkò òjò. Ó kan gọ́tà páànù yí òrùlé ká, ó gbé táńkì ńlá kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó jó irin tó gbé táńkì náà dúró fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tó lò nílé, ìró òòlù ni wọ́n ń gbọ́, ìyá rẹ̀ sì ń rìn tẹ̀ lé e kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Kò dí bọ́ọ̀hóòlù náà pa. Ìyá rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, pé omi mímu ni. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pè é, ó sì padà sí Pọtá.

Rachel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sunkún díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dé. Tàwàkálítù tún gbé ìkòkò ẹ̀wà jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Oyèbọ̀dé padà wá jẹ ẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà àtijọ́ ti rí ibòmíràn, ìkòkò kékeré sì ti tó fún un báyìí. Ó máa ń lọ jókòó ti Limota ní Ìkàrẹ́ bí ara rẹ̀ bá gbé e. Badmus ń pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ohun tó sì ń kọ́kọ́ béèrè ni, "Màámi, kí lẹ jẹ lónìí?" Ìyá rẹ̀ á sọ ohun tó jẹ fún un, á sọ ibi tó ń dùn ún lára, á sì sọ pé ilé náà dákẹ́ jù. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí fóònù kì í dún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á kírun Ìṣáì, á ti ilẹ̀kùn, á wọlé lọ sùn.